Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Àwàdà Ẹyin Yìí Sílẹ̀



Níbi ìsìn àyájọ́ ìjọ wa tó kọjá, oníwàásù tí a pè wá láti ìlú mìíràn sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ilé fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láyé àná, àwọn onísáyẹ́ǹsì ní ẹyin ń pani. Lónìí, wọ́n ní ẹ máa jẹ ẹyin. Lọ́la ńkọ́? Wọ́n á ní ẹyin ló ń jẹ yín!" Onílù fi ìlù gbè é. Àwọn màmá wa ń ju ìborùn sókè. Ó wá fi kún un pé ẹni tó bá gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ohun tí ń yí padà lọ́dọọdún, orí yanrìn ló kọ́lé sí. Halelúyà mi ilé náà tìtì. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, mo sì pàtẹ́wọ́. Ẹ rí mi, mi ò lè sẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa wá rí mi nítorí ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀. A sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, ó wá sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan pé, "Pásítọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti pa àwọn oògùn yẹn tì." Mo ní, "Oògùn wo, Màmá?" Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. "Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń sọ ọ́. Èyí tí wọ́n fún mi yìí náà, wọ́n lè jí lọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n ní kò dára. Kí ni mo wá ń gbé e mì fún?"

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo pe nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. 190 lórí 110. Nọ́ọ̀sì náà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò lè wò ó lójú.

Mi ò ní dárúkọ oníwàásù náà, torí kì í ṣe òun nìkan. Àwàdà yẹn ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ní 2006, nígbà tí wọ́n yọ Pluto kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ṣì jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù. Wọ́n rán mi lọ wàásù ní ìjọ kékeré kan, mo sì ní, "Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà fún wa níléèwé, ó ti di mẹ́jọ báyìí. Ọlọ́run tiwa kò ṣì í kà rí!" Ìjọ pariwo, wọ́n tún fún mi lówó ọkọ̀ lé e. Nítorí náà, bí mo bá ń nà ẹnì kan nínú àpilẹ̀kọ yìí, ara tèmi náà wà níbẹ̀.

Ohun tí a ń sọ ní ṣókí ni pé ohun tó bá ń yí padà, irọ́ ni. Sáyẹ́ǹsì ń yí padà. Ẹ pa á tì. Ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ ìgbàgbọ́. Èmi ń sọ lónìí pé ọ̀lẹ ni, aṣọ ìgbàgbọ́ ló wọ̀. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ṣe wàhálà láti mọ ìdí tí nǹkan fi yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ibà, nítorí kò sí ẹni tí ibà kò ṣe rí nínú wa. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún á rántí chloroquine. Ẹ rántí kíkorò rẹ̀, ẹ sì rántí yíyún rẹ̀. Ara á máa yún èèyàn bí ẹni pé wọ́n da ìjàlọ sínú ẹ̀wù rẹ̀; Piriton la fi ń tẹ̀ lé e. Mo rántí òru kan tí bàbá mi fi kóòmù họ ẹ̀yìn fún mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ sí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹta, ibà ti lọ, a ti wà ní pápá à ń gbá bọ́ọ̀lù. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1934, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ó sì tàn kálẹ̀ gbogbo ayé, torí pé ó ń wo ibà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ṣé àwọn dókítà kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní oògùn yìí ti sú àwọn? Rárá o. Kòkòrò ibà ló yí padà. Bí oògùn bá pa ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ tí oògùn kò ràn, àwọn tó kù yẹn náà ni yóò bí sí i, àwọn náà ni ẹ̀fọn yóò fà mu tí yóò gbé lọ sí ara ẹlòmíràn. Bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n rí i ní ẹnu ààlà Thailand àti Cambodia pé oògùn náà ti ń já wọn kulẹ̀, wọ́n sì rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà náà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, ó ti dé Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Láàárín àwọn ọdún 1980, ó rìn kọjá wá sọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Ìwọ̀ Oòrùn.

Ní Senegal, àwọn oníwàádìí kan ń ka iye ọmọ tó ń kú ní àwọn abúlé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí irú kòkòrò tí chloroquine kò ràn yìí dé, iye ọmọdé tí ibà ń pa pọ̀ sí i, ó kéré tán ní ìlọ́po méjì. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Oògùn kan náà ni, ìwọ̀n kan náà. Ìyá ọmọ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti ń bímọ. Kò yí padà rárá. Ọmọ sì kú.

Nínú ìtàn yìí, ta ló kọ́lé sórí yanrìn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bọ́ sórí oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ ní 2001. Nàìjíríà gbà á ní 2005: chloroquine kúrò nípò, artemether àti lumefantrine bọ́ síbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Coartem. Obìnrin ará China kan, Tu Youyou, ló ṣáájú àwọn tó rí artemisinin yọ lára ewé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn, tó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún, ló ti rí ohun tó tọ́ka sí ọ̀nà tó yẹ kó gbà yọ ọ́. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Mo sọ èyí nítorí àwọn bàbá wa tó máa ń rò pé ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ tuntun ti kórìíra ti àtijọ́. Obìnrin yẹn kò kórìíra rẹ̀. Ó dán an wò ni.

Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ má bínú pé mo gbé babaláwo wọ inú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn mọ ohun tí oníwàásù wa kò mọ̀: ẹni tó ń tún nǹkan wò ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún kì í ṣe òpùrọ́.

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́n, kò gbà. Alàgbà ìjọ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́. Ní 2009, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìjọba ti pààrọ̀ oògùn, wọ́n ṣì ń ra chloroquine ní kẹ́mísì ẹ̀yìn ilé wa. "Oògùn tó wò mí láti kékeré, tó wo gbogbo yín, kí ló wá ṣe é?" Àbúrò mi obìnrin bí ọmọ, ó gbé e wá sílé fún ìsinmi ọdún. Ara ọmọ gbóná. Bàbá lọ ra chloroquine olómi, wọ́n fi ṣíbí wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe máa ń wọ̀n ọ́n fún wa. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ara ọmọ ṣì ń jó bí iná. Ní òru ọjọ́ kẹta, gìrì mú un. Orí ọ̀kadà ni a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, èmi ni mo gbé e mọ́ àyà. Ọlọ́run yọ wá. Ọmọ náà wà láyé, ó ti di géńdé. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ chloroquine mọ́ títí wọ́n fi papòdà, èmi náà kò sì béèrè. Ìgbà tí ìyá àgbà yẹn sọ fún mi pé òun ti pa oògùn tì ni ooru ara ọmọ yẹn padà sí mi láyà.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, artemisinin yẹn náà ńkọ́? Ṣé òun náà kò ní gbó?" Ó lè gbó. Ní 2020, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti Rwanda pé àwọn kòkòrò ibà kan wà níbẹ̀ tó ti ń fara da artemisinin díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti má lò ó lónìí. Ìdí ni láti lò ó tán bí wọ́n ṣe ní kí a lò ó, kì í ṣe ká lo ìdajì ká fi ìyókù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ de ẹlòmíràn. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: Malawi dá chloroquine dúró ní 1993, nígbà tó sì di pé wọ́n tún dán an wò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ó ti padà ń pa kòkòrò, torí àwọn kòkòrò tó ń fara dà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oògùn tó gbó tún lè di ọ̀tun. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ sí kẹ́mísì o. Malawi ni mo sọ.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹyin tí a fi rẹ́rìn-ín. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí èèyàn má jẹ ju pupa ẹyin mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé ẹni tí cholesterol bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àrùn ọkàn máa ń tètè mú un. Wọ́n sì mọ̀ pé cholesterol pọ̀ nínú pupa ẹyin. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin náà ì bá so ó pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tọpa ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú cholesterol ara, pé ní ara ọ̀pọ̀ èèyàn èyí tí a jẹ lẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ti inú ẹ̀jẹ̀ sókè, àti pé ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó wà lára ẹran àti bọ́tà, ni ó yẹ ká ṣọ́ jù. Nínú ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún 2015 sí 2020, wọ́n yọ iye cholesterol tí wọ́n ti fi dè wá tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ṣé ẹ rí i? Apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà ló yẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀, pé cholesterol tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kò dára fún ọkàn, dúró síbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Wọn kò ní kí ẹ jẹ kéréètì ẹyin kan tán lọ́jọ́ kan, wọn kò sì ní kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má bi dókítà rẹ̀ léèrè. Bí òrùlé ilé bá jò níbì kan, páànù ibẹ̀ la ń pààrọ̀. Oníwàásù wa sọ àná, ó sọ òní, ó wá gbé gbogbo àárín rẹ̀ jù sígbó, torí àárín kì í pani lẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé pásítọ̀ ti di agbẹnusọ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ẹ má yára. Mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kan àwọn náà.

Láti àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n máa dojú ọmọ tuntun bolẹ̀ bó bá fẹ́ sùn, kí èébì má bàa fún un lọ́rùn. Benjamin Spock, tí ìwé rẹ̀ nípa ọmọ títọ́ wà ní ilé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, wà lára àwọn tó kọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó lálàáfíà ń sùn, wọn kò jí mọ́. Ìgbà tó di ìparí 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀yìn ni kí a máa fi ọmọ lé. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1994. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀ ju ìdajì lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2005, àwọn oníwàádìí kan kó gbogbo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá jọ, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan ti jókòó kó wọn pọ̀ ní 1970 ni, ì bá ti hàn gbangba nígbà náà pé ìdojúbolẹ̀ ń pa ọmọ. Ogún ọdún! Ogún ọdún ni ẹ̀rí fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣà á.

Ọgbẹ́ inú náà, tí a ń pè ní ọ́lísà: àwọn ọ̀gá ìṣègùn sọ fún ọdún púpọ̀ pé àròjù àti ata ló ń fà á. Ọkùnrin méjì ní Australia, Robin Warren àti Barry Marshall, sọ pé kòkòrò kan ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọn kò dá wọn lóhùn. Ní 1984 Marshall gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé yóò mú òun ṣàìsàn. 2005 ni wọ́n tó fún àwọn méjèèjì ní Nobel.

Torí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Agídí wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà ló pa wọ́n. Ohun tó wà lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ló wà lára bàbá mi tó di ìgò chloroquine mú.

Ó tún ku àwa tí a ń gbé òkú ìwádìí kiri. Ní 1998, dókítà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Wakefield, kọ ìwé nípa ọmọ méjìlá péré, tó fi mú kí àwọn èèyàn gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára éèyi lè máa fa autism. Àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ, wọn kò rí i. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde, The Lancet, fà á padà pátápátá, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún náà. Ó ti kú, wọ́n ti sin ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, mo rí i lórí WhatsApp àwọn ìyá nínú ìjọ wa yìí kan náà, wọ́n kọ "Ìwádìí tuntun" sí i lórí, wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí ìyá mẹ́wàá.

Àwa tí à ń gbé òkè ọya kò gbọdọ̀ fi irú ìyẹn ṣeré. A wà níbí nígbà tí Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003 nítorí àhesọ, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Àrùn náà gbéra láti ọ̀dọ̀ wa, ó lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àdámọ́ ti tán ní Áfíríkà, Nàìjíríà wa yìí ló sì gbẹ̀yìn. A mọ àwọn tó ń fi ọwọ́ rìn ní etí títì. Ẹ máa wo ọjọ́ orí wọn.

Àwa oníwàásù wá ńkọ́? À ń fi àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe rẹ́rìn-ín, àwa kò tún tiwa ṣe rí. Ìwàásù idì! Mélòó nínú yín ni kò tíì gbọ́ ọ? Pé bí idì bá pé ogójì ọdún, á gun orí òkè lọ, á fi ẹnu rẹ̀ gbá àpáta títí ẹnu á fi já, á fa èékánná àti ìyẹ́ rẹ̀ tu, á dúró fún oṣù bíi márùn-ún kí òmíràn hù, á wá tún lo ọgbọ̀n ọdún sí i. Kò sí ẹyẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Idì tí kò bá ní ẹnu mọ́, ebi ni yóò pa á kú. Èmi náà ti fi idì yẹn gba àwọn èèyàn níyànjú ní òru àìsùn, wọ́n sunkún. Ẹlòmíràn á sọ pé "ìwádìí fi hàn" pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọpọlọ wa là ń lò. Irọ́ ni, gbogbo rẹ̀ là ń lò. Ìwádìí wo? Ọdún wo? Ta ló ṣe é? A kò béèrè, torí ó bá ìwàásù wa mu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òtítọ́ tí kì í yí padà la fẹ́ràn. Ohun tó bá ti wà lẹ́nu wa la fẹ́ràn.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín: "Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í yí padà." Àmín. Mo gbà á pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ọlọ́run kì í yí padà. Òye tiwa ni ó ń yí padà, ó sì yẹ kó yí padà. Ẹ lọ ka ìtàn Àpólò nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Ọ̀mọ̀wé ni, iná wà lára rẹ̀, ohun tó ń kọ́ni nípa Jésù tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀, kò mọ ìyókù. Àkúílà àti Pírísílà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n là á yé e dáadáa sí i. Bíbélì kò pe Àpólò ní òpùrọ́ nítorí ohun tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, òun náà kò sì bínú pé àwọn tó ń pa àgọ́ ló tún òun kọ́. Ṣé a lè sọ fún Àpólò pé, "Àná o ní báyìí, lónìí o ní báyìí, a kò gbà ọ́ gbọ́ mọ́"?

Ẹ tilẹ̀ ṣí ìwé orin àtijọ́ tó wà lórí ìjókòó yín. "Aiye" ni wọ́n kọ síbẹ̀, "enia" ni wọ́n kọ. Bí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ Yorùbá nìyẹn, àwọn tí Bíbélì Yorùbá tipasẹ̀ iṣẹ́ wọn pé lódindi ní 1884. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé wa jókòó, wọ́n ní "ayé" àti "ènìyàn" ló bá bí a ṣe ń sọ ọ́ mu jù. Kò sẹ́ni tó sun Bíbélì Crowther níná. Kò sì sẹ́ni tó ní nítorí pé wọ́n ti yí i padà, kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ Yorùbá mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wa ló gbé mi dé ibí, òun ló sì kù. Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni, dókítà lè pààrọ̀ oògùn náà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó dára ju èyí lọ ló rí, tàbí ara yín ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa èyí tì lónìí nítorí ti ọ̀la, kò sí oògùn kankan lára yín láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àrùn rọpá-rọsẹ̀ àgbà ti máa ń wọlé. Mo tún béèrè oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. Wọ́n fa aspirin yọ nínú báàgì, ẹnì kan ní ọjà ló sọ fún wọn pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ó bá ohun tí wọ́n ń sọ nígbà kan mu. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tí kò ní àrùn ọkàn rí, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójoojúmọ́ láti fi dènà rẹ̀, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun nínú ara. Ẹni tí dókítà bá fún ní tirẹ̀ kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kó padà lọ bi í. Ẹ rí i báyìí: ìyá kan náà pa oògùn tó ṣì wúlò fún wọn tì nítorí pé ìmọ̀ ń yí padà, wọ́n sì ń lo èyí tí ìmọ̀ ti yí padà lórí rẹ̀. Ta ló máa sọ fún wọn, bí àwa bá wà lórí pẹpẹ tí à ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?

Nọ́ọ̀sì wa tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Dókítà dá ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì padà fún wọn, ó sì pààrọ̀ èkejì sí òmíràn, ó ní kí wọ́n fi aspirin sílẹ̀. Wọ́n wá fi páálí rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ Ìsinmi. "Pásítọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́ o!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti lo ti òwúrọ̀. Wọ́n ní àwọn ti lò ó kí àwọn tó jáde nílé.

Ìgbìmọ̀ àyájọ́ ti ní kí n kọ̀wé sí oníwàásù ọdún tó ń bọ̀, ọkùnrin yẹn kan náà ni wọ́n sì fẹ́. Mi ò kọ̀. Mo máa kọ ọ́, mo máa fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ yìí sínú rẹ̀, mo sì máa sọ fún un pé 190 lórí 110 ni ẹyin rẹ̀ bí fún wa níhìn-ín.